Kán-Kán àti Ìgò Apikán

Orúkọ tí gbogbo òpópónà wa ń pè é ni Kán-Kán. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé á rò pé nítorí pé ó máa ń yára ni. Àṣìṣe ni. N kò mọ ẹni tó ń fara balẹ̀ tó o. Obìnrin yìí lè jókòó ti ìgò kan láti àárọ̀ títí di ìyálẹ̀ta, kí ó máa ka ẹ̀kán oje tó ń kán bọ́ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá kí i nígbà náà, kò ní dáhùn. Láti ara ẹ̀kán tó ń kán ni orúkọ náà ti wá. Ọkọ rẹ̀ ló fún un, àwọn oníbàárà gbọ́ ọ, àwa yòókù sì gbà á lẹ́nu wọn.

Họmiópátì ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní àgbo; mo ti sọ fún wọn títí ó fi sú mi pé kì í ṣe àgbo. Àgbo ni kí a se ewé àti egbò, kí a sì mu ún ní ife. Ní ti họmiópátì, àwọn tó ń ṣe é gbà pé ohun tó bá lè kó àìsàn kan bá ẹni tí ara rẹ̀ le, bíńtín nínú ohun kan náà lè lé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kúrò lára ẹni tó ń ṣe. Bíńtín yẹn ni kí ẹ kíyè sí. Wọn a rẹ ewé sínú ọtí líle títí oje rẹ̀ yóò fi jáde. Ìyẹn ni oje ìbẹ̀rẹ̀. Wọn a mú ẹ̀kán kan nínú rẹ̀, wọn a fi sínú ẹ̀kán ọtí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, wọn a sì máa fi ìdí ìgò náà gbá orí awọ lemọ́lemọ́. Nọ́ńbà kìíní nìyẹn. Ẹ̀kán kan láti inú nọ́ńbà kìíní sínú mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún mìíràn, kí a tún gbá a: nọ́ńbà kejì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí dé ọgbọ̀n, títí dé igba. Níkẹyìn, wọn a kán an sórí kóró ṣúgà wẹ́wẹ́, kóró yẹn ni wọ́n ń tà.

Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò ti máa béèrè ohun tó kù nínú ìgò tó dé igba. Kò sí. Kí nọ́ńbà tó dé ogún ni ewé ti tán nínú ọtí náà. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ yìí kò kà á bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni oògùn ń lágbára sí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn nínú ilé Kán-Kán.

Kì í ṣe ilé oníṣègùn ni wọ́n bí i sí. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀, ó sì kú nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́n. Lẹ́yìn náà ni ọmọ wá ń fọ ìgò fún bàbá arúgbó kan tó ń ṣe họmiópátì ní yàrá iwájú ilé rẹ̀. Ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n; ẹ̀kán méjì a máa bọ́ nígbà tó bá fẹ́ kí ọ̀kan bọ́. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ní, "Ẹ gbé ìgò yẹn fún ọmọ yìí, ẹ jàre. Ẹ̀ ń da ọtí sílẹ̀ bí ẹni ń bomi rin ọgbà." Ọmọ gba ìgò, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́.

Ìyá arúgbó yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló sọ ọ́ di ọmọ. Àwo kan náà ni wọ́n fi ń jẹun, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá oníbàárà aláriwo lóhùn, ó sì jókòó tì í nígbà tó ṣàìsàn. Nígbà tí ọmọkùnrin ilé, tó ń rán bàtà ní apá kejì yàrá iwájú yẹn, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, bẹ̀rẹ̀ sí í wojú rẹ̀, Màmá ló kọ́kọ́ rí i.

"Ìwọ," ó ní fún ọmọ rẹ̀, "bàtà ta lò ń tún ṣe láti àárọ̀ tí ojú rẹ kò kúrò lára aṣọ ìkélé?"

Tìmùtìmù awọ pẹlẹbẹ kan ni aránbàtà ń rán, kí ọmọbìnrin náà lè máa gbá ìgò lórí rẹ̀ kí ìgò má fọ́. Ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní: "Àwọn ọkùnrin mìíràn a máa ra yẹtí. Èmi rán tìmùtìmù, mo sì gba ìyàwó."

"Ìwọ kọ́ lo gba ìyàwó," ni Màmá máa ń dá a lóhùn. "Èmi ni mo gba ọmọ. Ìwọ kàn ń bá mi gbé e ni."

Nígbà tí bàbá kú, iṣẹ́ di ti ìyàwó ọmọ rẹ̀. Yàrá náà wà bẹ́ẹ̀ dòní: òórùn gọ́ọ̀mù lápá kan, òórùn ọtí lápá kejì, aṣọ ìkélé láàárín, òòlù ọkọ àti ìgò ìyàwó ń dún léra wọn. Ẹni tó bá ń kọjá lójú títì á rò pé wọ́n ń jà.

Nínú gbogbo ewé tó ń lò, apikán ló léwu jù. Ẹ óò ti rí i, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Gegemu ni àwọn mìíràn ń pè é. Ààtàn ló fẹ́ràn. Èyí tí Kán-Kán ń ká wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì kan tó ti dá iṣẹ́ dúró, níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ akẹ́rù. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó gùn bí fèrè, ó sì lẹ́wà. Èso rẹ̀ rí roboto, ẹ̀gún sì bò ó bí ara òòrẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ewúrẹ́ kò lọ́gbọ́n. Ewúrẹ́ yìí kan náà, tó ń jẹ páálí, tó ń jẹ aṣọ lórí okùn, bó bá dé ìdí apikán, á yà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, ojú rẹ̀ á pọ́n, ọmọlójú rẹ̀ á fẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná láìlàágùn, yóò sì máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá pọ̀, ikú ni. Ìdí nìyẹn tí Kán-Kán fi ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó bá ń ká a, tí kì í sì í fọwọ́ kan ojú títí yóò fi délé.

Ṣùgbọ́n bó bá ti délé, ó di nǹkan mìíràn. Bàbá ti fi ìlànà lélẹ̀: èyí tó lágbára, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni kó wà, kí a tì í pa. Nítorí náà, gbogbo ìgò tó ti dé igba wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn Kán-Kán. Oje ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́, èyí tí wọn kò tíì gbá rárá? Lójú iṣẹ́ wọn, aláìlágbára ni. Orí pẹpẹ gbangba ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọwọ́, nítòsí ife àti ṣúgà. Wọ́n fi májèlé sílẹ̀ ní gbangba, wọ́n wá ń ṣọ́ ọtí àti ṣúgà lójú méjèèjì. Bó ṣe wà fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè.

Ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ béèrè. Àbúrò ọkọ Kán-Kán obìnrin ni, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá, ẹni tí Kán-Kán ń pè ní Eyínfúnjowó torí eyín rẹ̀ tó funfun nini. Bó bá wá kí ìyá rẹ̀, á gbé ìgò kan wò, á mì í, á rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ṣúgà tí ò ń tà yìí, o ò bá kúkú fi sínú tíì."

"Ẹ jọ̀ọ́, Eyínfúnjowó, ẹ gbé e kalẹ̀. Ìyẹn lágbára."

"Lágbára ni? Agbára àtijẹ ṣúgà. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á jókòó síbí tí yóò máa lá ṣúgà nígbà tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ yẹn ni ojú á ti gbogbo wa."

"Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ò ní dé, Ọlọ́run ò ní gbà á."

Wọ́n á fi ẹ̀rín parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ń dín kù lọ́dọọdún.

Màmá ní tirẹ̀ ń bẹ̀rù oorun. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń lá àlá burúkú, Kán-Kán a sì máa fún un ní kóró kan nínú apikán tó dé igba. Ó ní òun ń sùn dáadáa. N kò ní bá àgbàlagbà jiyàn lórí oorun rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, aránbàtà lọ ra awọ, Kán-Kán lọ gba ọtí lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á fún un. Màmá tòògbé lórí àga, àlá burúkú jí i. Ó fẹ́ kóró, kọ́bọ́ọ̀dù sì wà ní títì. Kò bínú. Ìyàwó oníṣẹ́ ni, ó mọ ìlànà ilé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé èyí tí kò lágbára náà á tó mú òun dé alẹ́. Ó gbé ìgò oje ìbẹ̀rẹ̀ látorí pẹpẹ, ó da ṣíbí kan sínú tíì, ó fi ṣúgà tó pọ̀ sí i torí ó korò, ó sì mu ún. Ará ìta tó rí ewé yẹn kò ní dán irú rẹ̀ wò láéláé. Ẹni tó ti gbé pẹ̀lú họmiópátì ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí.

Nígbà tí Kán-Kán wọlé, Màmá ń bá ẹ̀wù òjò tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wí.

"Jókòó! Ṣé wọn kì í jókòó nílé yín ni?"

"Màmá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bàbá yìí náà ni. Láti ìgbà tó ti dé ló ti dúró gbagidi. Sọ fún un kó bọ́ bàtà rẹ̀ o, mo ti gbálẹ̀."

Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ń na ìka, ó ń fa òwú tí kò sí jáde nínú afẹ́fẹ́. Kán-Kán fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀: ó gbóná, ó sì gbẹ. Ó wo ojú rẹ̀: ọmọlójú ti gba gbogbo ẹyinjú.

Ohun gbogbo tí bàbá kọ́ ọ ló dúró síwájú rẹ̀ yìí, láìku ẹyọ kan. Ojú pípọ́n, ẹnu gbígbẹ, bíbá aláìsí sọ̀rọ̀: irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fún ní apikán igba. Kó tó mọ̀, kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ti ṣí, ìgò ti wà lọ́wọ́. Ó yíjú síbi ìfọwọ́ láti mú ṣíbí. Ibẹ̀ ló ti rí ife tíì, àti ìgò oje ìbẹ̀rẹ̀ tí wọn kò dé. Ó gbóòórùn ife náà.

Kì í ṣe pé àìsàn yìí kàn jọ ti apikán. Apikán gan-an ni.

Ó di kóró mú lọ́wọ́ kan, ó di fóònù mú lọ́wọ́ kejì. Gbogbo ohun tó ti gbàgbọ́ láti ìgbà èwe ń sọ fún un pé kó fún Màmá ní kóró, kó sì jókòó tì í. Ìjókòó yẹn ló bà á lẹ́rù. Bí kóró kò bá ṣiṣẹ́, ìgbà wo ni yóò mọ̀? Ó gbé kóró sílẹ̀.

"Eyínfúnjowó, Màmá ti mu apikán."

"Èwo? Ṣé ṣúgà yín yẹn?"

"Ṣúgà kọ́. Oje ewé tútù ni, nínú ọtí. Ṣíbí kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń bá ẹ̀wù òjò sọ̀rọ̀."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún sọ̀rọ̀, ohùn ẹnu iṣẹ́ ló fi sọ ọ́. "Gbọ́ mi dáadáa. Má fún un ní nǹkan kan. Má fipá mú un bì. Wá takisí nísinsìnyí, gbé ìgò yẹn dání. Mò ń dúró dè yín lẹ́nu géètì."

Ẹnu ọ̀nà ni aránbàtà ti pàdé wọn pẹ̀lú awọ lọ́rùn. Nínú takisí, bí ìyá rẹ̀ ti ń kí àwọn igi ẹ̀gbẹ́ títì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọra sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Bí wọ́n bá bi wá, ká ní a ò mọ ohun tí Màmá mu. Ìjọba á ti ṣọ́ọ̀bù pa."

"Ṣé ṣọ́ọ̀bù ló bí yín ni?" ni Kán-Kán dá a lóhùn.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà: orúkọ ewé, bí wọ́n ṣe rẹ ẹ́, ìwọ̀n ṣíbí. Ó gbé ìgò lé e lọ́wọ́. Wọ́n gbé Màmá wọlé, wọ́n ń fi omi tútù nù ún lára, wọ́n ń fún un ní oògùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń wo lílù ọkàn rẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Àwọn tó kù jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ìgò yẹn," ni nọ́ọ̀sì bi í, "kí ló ń ṣe níta?"

"Nítorí kò lágbára."

"Tún un sọ."

Kán-Kán ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kán tó ti ń kà láti ọ̀pọ̀ ọdún wá kò fún un láyè láti gbọ́ ọ rí. Ó bo ojú, ó sunkún. Eyínfúnjowó ti mú ọ̀rọ̀ líle dání láti ẹnu géètì wá, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó yọ ìwérí rẹ̀, ó nà án sí i kó fi nu ojú.

Kí oòrùn tó wọ̀, dókítà jáde wá sọ fún wọn pé ọkàn Màmá ti ń lù bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ kejì ó mọ àwọn èèyàn rẹ̀. Ó ní òun kò rántí nǹkan kan, àfi àlejò kan tí kò fẹ́ jókòó.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀, nọ́ọ̀sì sọ gbangba pé, "Màmá ń bá mi lọ sílé. N kò lè dá wọn padà síbi pẹpẹ yẹn."

Aránbàtà fẹ́ jiyàn. Kán-Kán dì í lọ́wọ́ mú. "Wọ́n jàre. Màmá, ẹ máa bá wọn lọ." Ó pa aṣọ ìyá ọkọ rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀, ó dì í dáadáa, kò sì jẹ́ kí ohùn òun yí padà. Òórọ̀ ọjọ́ kejì ló wá rí i pé àwo tí òun àti Màmá jọ ń jẹun nínú rẹ̀ ni òun gbé sílẹ̀ fún oúnjẹ àárọ̀. Ó ti bu oúnjẹ ẹni méjì sí i, ẹni kejì kò sì sí nílé.

Ó dìde, ó tú yàrá iṣẹ́ palẹ̀. Aránbàtà bá a fi bọ́ọ̀tì de àpótí irin mọ́ ògiri lókè, wọ́n kun ún ní pupa, wọ́n kọ MÁJÈLÉ sí i lára gàdàgbà. Ibẹ̀ ni oje ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ewé wọ̀ lọ. Ìgò igba bọ́ síta. Ohun tí ó ṣe yìí kò rọrùn fún un, torí ìlànà bàbá ló dojú rẹ̀ dé. Oníbàárà àgbà kan tilẹ̀ pariwo.

"Ha! Ìyàwó, igba lo gbé síta? O ti gbàgbé ohun tí bàbá kọ́ ọ?"

"N kò gbàgbé, sà. Bàbá ní kí n ti èyí tó lè pa èèyàn mọ́lé. Mo ti wá mọ èyí tó lè pa èèyàn."

Ó tún fi òmíràn kún un: ẹni tí ibà rẹ̀ le, ẹni tí kò lè mí dáadáa, ẹni tó bá ń sọ kántankàntan, kò ní tà fún un mọ́ àfi tó bá kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn. Oníbàárà dín kù. Òun kò dá iṣẹ́ dúró, kò sì sọ pé òun kò gbà á gbọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Màmá ní tirẹ̀ wà ní àjà kẹrin ilé ọmọ rẹ̀, ó ń pe ilé lórí fóònù ní gbogbo ìgbà.

"Ilé yìí mọ́ jù. N kò rí ẹni bá wí. Eyínfúnjowó yín, iṣẹ́ ló ń lọ. Tó bá dé, oorun ló ń sùn. Tẹlifísọ̀n ni mò ń bá jà."

Nígbà tó ṣe, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wá wo yàrá náà. Ó na ọwọ́ sókè, ó gbọn àpótí irin jìgìjìgì. Kò mì. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìgò igba kan, ó da kóró kún àtẹ́lẹwọ́, ó sì jù ú sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Oníbàárà méjì tó wà níbẹ̀ kígbe.

"Nọ́ọ̀sì! Ìyẹn lágbára!"

"Ó dùn," ni nọ́ọ̀sì wí, ó ń rún un lẹ́nu. "Èyí tó dùn ni kó wà níta. O ṣeun, ìyàwó mi." Ó padà síta, ó ṣí ilẹ̀kùn takisí. Màmá ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà yẹn pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó ń bá awakọ̀ jiyàn lórí bó ṣe wakọ̀.

Kán-Kán sáré jáde, ó kúnlẹ̀ sórí títì. "Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Dìde, aṣọ rẹ á dọ̀tí. Ta ló da oje sínú tíì, èmi àbí ìwọ? Gbogbo wa la jọ gbọ́n ọgbọ́n òmùgọ̀ yẹn. Kí lẹ sè?"

Láti ọjọ́ náà, àga Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí kò sí oníbàárà tó lè gbà kọjá láìrí i. Mo wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí awakọ̀ akẹ́rù kan wọlé, ó fọwọ́ di àyà mú, ó ní òun fẹ́ èyí tó lágbára jù.

"Kí ló ń ṣe ọ́?" ni Màmá bi í.

"Àyà ló ń fún mi, Màmá. Ó ti ń nà dé apá."

"Àyà ń fún ọ, o wá ń ra ṣúgà? Aránbàtà! Ju bàtà yẹn sílẹ̀, kí o mú ọkùnrin yìí lọ sílé ìwòsàn. Ìyàwó, pe Eyínfúnjowó, sọ pé wọ́n ń bọ̀."

"Màmá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ra oògùn mi ná."

"Lọ, kí o lọ yè ná," ni Màmá wí. "Bó o bá padà dé tó o ṣì fẹ́ ẹ, a ó tà á fún ọ. A ò tíì lọ síbì kankan."